Ìkéde tí Olùgbọ́ Kò Gbọ́: Wíwá Àṣìṣe nínú Ìkéde Wíjẹ́ẹ̀tì Àfọwọ́dá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìṣòro kan tí ó máa ń dé bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ́ bí a ti ń ṣe ojú-iṣẹ́ aláwòrán fún ètò kọ̀ǹpútà. Wíjẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá yóò hàn dáadáa lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì ní sọ pé àṣìṣe wà. Qt ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, ọpọ́n ayò sì ni wíjẹ́ẹ̀tì tí a yẹ̀ wò. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀dọ̀ akéde ni ó yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ olùgbọ́ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré lọ.

1. Ìfáárà

Ètò kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ máa ń kọ ni èyí tí ó ń ti orí bọ̀ wá sí ìdí: ó béèrè nǹkan, ó ṣírò rẹ̀, ó tẹ èsì jáde, ó sì parí. Bí àṣìṣe bá wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, Python yóò dúró, yóò sì dárúkọ ìlà tí ó ti kọsẹ̀. Ètò tí ó ní ojú-iṣẹ́ aláwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti ya fèrèsé rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà tán, ńṣe ni ó máa ń jókòó de ẹni tí yóò lò ó. Bí ẹni náà bá tẹ bọ́tìnnì kan, ètò yóò jí, yóò ṣe iṣẹ́ díẹ̀, yóò sì tún padà sí ìjókòó rẹ̀.

Nínú ìjókòó yìí gan-an ni wàhálà wà. Ètò tí ó ń dúró de ìkéde tí kò ní í dé láéláé kò yàtọ̀ lójú sí ètò tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Kò sí ọ̀rọ̀ àṣìṣe, kò sí ìlà tí a lè nàka sí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ ẹ́, yóò tún un tẹ̀, pàbó ni yóò já sí. Ó lè lo gbogbo àkókò ìdánrawò lórí fúnkíṣàn tí kò ní àbùkù kankan, kí ó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe ti òun. Olùkọ́ tí kò mọ ibi tí ó yẹ kí á wò kò lè gbà á sílẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé ó lè gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ó tún un kọ. Bí ó bá tún un kọ tí ó sì ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí ó ṣe é tẹ́lẹ̀.

2. Ọ̀rọ̀ lórí orúkọ

Ó yẹ kí á yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ kí á tó tẹ̀síwájú, nítorí pé orúkọ tí a bá yàn lè là wá lójú tàbí kí ó ṣì wá lọ́nà. Wíjẹ́ẹ̀tì ni ohunkóhun tí a lè rí kí á sì lò nínú fèrèsé ètò: bọ́tìnnì, àpótí tí a ń kọ̀wé sí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wíjẹ́ẹ̀tì àfọwọ́dá ni èyí tí ẹni tí ó ń kọ ètò dá fúnra rẹ̀.

Ohun tí ìwé Qt ń pè ní signal ni ó gba àròjinlẹ̀. Bí a bá pè é ní àmì, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀ jù. Àmì ohùn orí fáwẹ́lì pàápàá àmì ni. Àrokò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò, ó sì dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n kò bá a mu. Ẹni tí ó pa àrokò ránṣẹ́ mọ ẹni tí ó ń pa á ránṣẹ́ sí, ó sì rán ìránṣẹ́ sí onítọ̀hún gan-an. Wíjẹ́ẹ̀tì kò mọ ẹni kankan. Ó jọ akéde tí ó ń lu agogo káàkiri àdúgbò lálẹ́: kò mọ ẹni tí ó wà nílé, kò mọ ẹni tí ó ti sùn. Bí gbogbo ará àdúgbò bá wà lóko, akéde ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Nítorí èyí ni a ṣe yan ìkéde. Iṣẹ́ tí a yàn pé kí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìkéde bá dún, èyí tí Qt ń pè ní slot, ni a pè ní olùgbọ́. Ìsopọ̀ sì ni okùn tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀, èyí tí àṣẹ connect ń ṣe.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín ìkéde àti ìṣẹ̀lẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ń ti ìta wọ inú wíjẹ́ẹ̀tì: ọwọ́ tẹ máòsì, ìka tẹ lẹ́tà. Ìkéde ń ti inú wíjẹ́ẹ̀tì jáde. Ìṣẹ̀lẹ̀ kì í di ìkéde fúnra rẹ̀. Àfi kí ẹnì kan kọ ìlà tí yóò sọ ọ́ di ìkéde.

3. Qt àti ètò ìkéde rẹ̀

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Norway méjì, Haavard Nord àti Eirik Chambe-Eng, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Qt ní ọdún 1991. Ó di ohun tí gbogbo ènìyàn lè rí gbà ní oṣù karùn-ún ọdún 1995. Èdè C++ ni wọ́n fi kọ ọ́. PyQt àti PySide ni afárá tí a fi ń lò ó láti inú Python. Ẹ̀yà kẹfà rẹ̀, Qt 6, jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Kì í ṣe Qt nìkan ni ó ní ìkéde. GTK náà ní tirẹ̀. Àpẹẹrẹ inú iṣẹ́ yìí jẹ́ ti PyQt6, àyàfi ní ìpín keje tí a ti dé ọ̀dọ̀ C++.

4. Ọpọ́n ayò gẹ́gẹ́ bí wíjẹ́ẹ̀tì

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ gbé ọpọ́n ayò sójú kọ̀ǹpútà. Kò sí ọpọ́n ayò láàárín àwọn wíjẹ́ẹ̀tì tí Qt ti ṣe sílẹ̀, nítorí náà yóò dá tirẹ̀ láti ara QWidget. Ọpọ́n náà ní ihò 12, ọmọ ayò 4 wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ọpọ́n fúnra rẹ̀ kò mọ òfin ayò títa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó ya ihò, kí ó sì kéde nọ́ńbà ihò tí a bá tẹ̀. Ohun mìíràn tí a sọ ní ere ni ó mọ òfin. Òun ni yóò gbọ́ ìkéde, tí yóò sì ta ọmọ ayò náà yíká.

class OponAyo(QWidget):
    ihoTite = pyqtSignal(int)

    def __init__(self, obi=None):
        super().__init__(obi)
        self.iho = [4] * 12

    def mousePressEvent(self, e):
        n = self.waIho(e.position())
        if n is not None:
            self.ihoTite.emit(n)

opon.ihoTite.connect(ere.ta)

A kò kọ fúnkíṣàn waIho síbí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó sọ ihò tí ojúkò máòsì bọ́ sí, tàbí kí ó dá None padà bí kò bá bọ́ sí ihò kankan. Ìlà mẹ́ta ni ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà ró: ìlà tí ó dárúkọ ìkéde, ìlà emit tí ó kéde rẹ̀, àti ìlà connect tí ó so ó mọ́ olùgbọ́. Ibi mẹ́ta tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí nìyẹn, olùgbọ́ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìkẹrin.

Àṣìṣe tí ó bá wà níbi tí a ti dárúkọ ìkéde kì í yọni lẹ́nu púpọ̀, nítorí pé ó máa ń pariwo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ self.ihoTite = pyqtSignal(int) sínú __init__ dípò ara kíláàsì yóò rí i tí Python kọ ọ́ pé pyqtSignal kò ní ohun tí ń jẹ́ connect. Ara kíláàsì ni PyQt ti ń wá ìkéde nígbà tí a bá ń dá kíláàsì sílẹ̀. Èyí tí a bá kọ sínú __init__ ti pẹ́ jù. Bákan náà ni ẹni tí ó bá gbàgbé super().__init__ yóò gba ìkìlọ̀ pé a kò pe ti òbí. Ariwo sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

5. Ìkéde tí kò jáde lẹ́nu akéde

Ìdákẹ́jẹ́ tòótọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi emit. Ìlà tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ fojú sí nínú àpẹẹrẹ òkè yìí ni if n is not None. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọ ọ́ ní kúkúrú pé if n. Ó jọ pé nǹkan kan náà ni, ṣùgbọ́n Python ka òdo sí irọ́, bẹ́ẹ̀ òdo sì ni nọ́ńbà ihò àkọ́kọ́. Ihò 11 yóò máa fọhùn, ìkan yóò ya odi. Ẹni tí ó bá dán ihò kẹta àti ìkeje wò yóò búra pé ọpọ́n náà ń ṣiṣẹ́. Irú àṣìṣe yìí wúlò fún olùkọ́ ju àṣìṣe ńlá lọ, nítorí pé ó fi hàn pé kíkéde kì í ṣe ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìkéde kan náà lè jáde níhìn-ín kí ó má jáde lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà kejì ni kí ìṣẹ̀lẹ̀ má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọpọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pinnu láti fi QPushButton 12 ṣe ihò, tí ó tò wọ́n sórí ọpọ́n, bọ́tìnnì tí ó wà lókè ni yóò gba ìtẹ̀ máòsì, yóò sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Fúnkíṣàn mousePressEvent ti ọpọ́n kò ní í gbúròó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí QLabel ni ó tò síbẹ̀, ìtẹ̀ náà yóò kọjá lọ bá ọpọ́n, nítorí pé QLabel kì í gba ìtẹ̀ máòsì mọ́ra bí a kò bá yí i padà. Ìdí nìyí tí ọpọ́n kan fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí irú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í.

Ọ̀nà kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kí ihò yí àwọ̀ padà bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ó dá kíláàsì ọmọ láti ara QPushButton, ó sì kọ mousePressEvent tirẹ̀ sínú rẹ̀, níbi tí ó ti yí àwọ̀ padà. Àwọ̀ yí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìkéde clicked, tí ó ti ń lò láti ọjọ́ tí ó ti mọ bọ́tìnnì, kò dún mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé clicked kì í ṣe ohun àdáyébá. Inú fúnkíṣàn ti òbí ni a ti ń ṣètò rẹ̀. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì, mousePressEvent ti òbí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé bọ́tìnnì ti lọ sísàlẹ̀; nígbà tí a bá gbé ọwọ́, mouseReleaseEvent yóò wò ó bóyá bọ́tìnnì wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, yóò sì wá kéde. Ọmọ ti gba ipò òbí láìṣe iṣẹ́ òbí. Ìlà kan péré ni ìwòsàn rẹ̀: super().mousePressEvent(e). Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìdí èyí lè máa wá àṣìṣe nínú ere títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

6. Ìsopọ̀ tí kò dé ibi tí a rò

Ká ní a ti rí i dájú pé ìkéde ń jáde. Ó ṣì lè jẹ́ pé kì í ṣe ọpọ́n tí ó ń kéde ni a so mọ́ ere. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi Qt Designer ya fèrèsé rẹ̀, tí ọpọ́n kan sì ti wà nínú rẹ̀, tí ó tún wá kọ opon = OponAyo() sínú ètò, ọpọ́n ti di ìbejì. Taiwo wà lójú kọ̀ǹpútà, Kẹ́hìndé ni a so okùn mọ́. Kò sí ìlà kan nínú ètò náà tí kò tọ̀nà, ìdí sì nìyẹn tí kíkà á ní àkàtúnkà kò fi ràn án lọ́wọ́. Bí a bá tẹ id(self) jáde nínú mousePressEvent, tí a sì tẹ id(opon) jáde níbi ìsopọ̀, nọ́ńbà méjèèjì yóò tú àṣírí náà.

Àmì akọ́mọ́ pẹ̀lú ń dá wàhálà sílẹ̀. Connect(ere.ta) sọ pé ta ni olùgbọ́, connect(ere.ta()) pe ta lójú ẹsẹ̀, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ohun tí ta dá padà fún connect. PyQt yóò kọ ọ́ bí ó bá jẹ́ None, èyí sì dára.

Ti bọ́tìnnì 12 tún le díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lo for i in range(12), ó sì so bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan mọ́ lambda: ere.ta(i). Bọ́tìnnì yòówù tí a bá tẹ̀, ihò 11 ni ere yóò gbọ́, nítorí pé ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni lambda ń wo iye i, bẹ́ẹ̀ i sì ti dé 11 kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa èyí yóò tún un kọ ní lambda i=i: ere.ta(i), yóò sì bọ́ sínú kòtò mìíràn: clicked máa ń gbé ẹrù kan dání, èyí tí ó ń sọ bóyá bọ́tìnnì wà ní títẹ̀. PyQt yóò fi ẹrù náà, tí í ṣe False, rọ́pò i. Ihò òdo ni gbogbo bọ́tìnnì yóò wá máa pè. Èyí tí ó tọ̀nà ni lambda tite, i=i: ere.ta(i), kí ẹrù náà lè ní àyè tirẹ̀.

Òdìkejì ìdákẹ́jẹ́ náà wà. Bí a bá kọ ìlà connect sínú fúnkíṣàn tí a ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan, ní eré kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ta yóò ṣiṣẹ́ fún ìtẹ̀ kan, ní eré kẹta ẹ̀ẹ̀mẹta. Qt kì í pa ìsopọ̀ àtijọ́ rẹ́ nítorí pé tuntun dé. Ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí a kò ti ní í gbà kọjá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

7. Ti C++

Ìdákẹ́jẹ́ ti C++ ní ìdí tirẹ̀. Kí kíláàsì tó lè ní ìkéde tirẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ Q_OBJECT sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ètò kan tí ń jẹ́ moc máa ń wá kí ó tó kọ ohun tí a lè pè ní ìwé ìdílé fún kíláàsì náà, níbi tí orúkọ gbogbo ìkéde àti olùgbọ́ rẹ̀ wà. Kíláàsì tí kò ní ìwé tirẹ̀ yóò máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Bí Ere bá jẹ́ ọmọ QObject, tí a gbàgbé Q_OBJECT, tí a sì fi SIGNAL àti SLOT ti àtijọ́ ṣe ìsopọ̀, ètò yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sì tẹ ìkìlọ̀ kan jáde pé kò sí olùgbọ́ tí ń jẹ́ QObject::ta(int). Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní òun kò kọ ta sínú QObject. Òótọ́ ni. Orúkọ bàbá tí ó hàn níbi tí ó yẹ kí orúkọ ọmọ ti hàn ni ẹ̀rí pé Q_OBJECT ni ó sọnù. Bí a bá ń lo qmake, a gbọ́dọ̀ tún un pè lẹ́yìn tí a bá fi Q_OBJECT kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àṣìṣe mìíràn tí ó dárúkọ vtable lè yọjú.

Ìkìlọ̀ ọ̀hún gan-an kì í hàn sí gbogbo ènìyàn. Lórí Windows, ètò aláwòrán kì í sábà ní fèrèsé dúdú tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jáde sí, àfi bí a bá fi CONFIG += console sínú fáìlì iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí Qt 5 ti jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2012 ni a ti lè fi &OponAyo::ihoTite àti &Ere::ta ṣe ìsopọ̀. Bí orúkọ kò bá tọ̀nà nínú èyí, ètò kò ní í kọ́ rárá, àṣìṣe yóò sì hàn kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ihò. SIGNAL àti SLOT ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú Qt 6, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí á fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun.

8. Gígé ọ̀nà sí méjì

Bí àṣìṣe bá lè wà níbi púpọ̀ tó báyìí, kíka ètò láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò tó. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ ni kí á gé ọ̀nà ìkéde sí méjì. Kí á kọ́kọ́ so olùgbọ́ tí kò lè ṣàṣìṣe mọ́ ọpọ́n: opon.ihoTite.connect(lambda n: print(n)). Bí a bá tẹ ihò tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jáde, ọpọ́n kò lẹ́bi, ìsopọ̀ tàbí ere ni kí á lọ bá. Bí kò bá jáde, kí á fi ere sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà kí á ṣe òdìkejì rẹ̀: kí á yọ máòsì kúrò nínú ọ̀rọ̀, kí á fúnra wa kéde pé opon.ihoTite.emit(3). Bí ere bá ta ihò 3, ìsopọ̀ yè, ìṣẹ̀lẹ̀ ni kò dé. Ìlà méjì yìí ti tó fún púpọ̀ nínú ohun tí a sọ ní ìpín karùn-ún àti ìkẹfà. Fún àwọn tí wọ́n ti gòkè díẹ̀, opon.dumpObjectInfo() yóò to àwọn ìsopọ̀ tí ó wà lára ọpọ́n, QSignalSpy sì lè ka iye ìgbà tí ìkéde dún.

Ẹ̀yìn èyí nìkan ni ó kan olùgbọ́. Ó lè jẹ́ pé olùgbọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ó ṣubú lójú ọ̀nà. Láti PyQt 5.5 ni àṣìṣe tí a kò bá mú nínú olùgbọ́ ti ń pa gbogbo ètò, fèrèsé yóò sì pòórá lójijì. PySide yóò tẹ àṣìṣe náà jáde, ètò yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi pythonw ṣí ètò rẹ̀ kò ní í rí ohun tí a tẹ̀ jáde náà. Ó dára kí gbogbo ètò ìdánrawò jẹ́ èyí tí a ṣí láti inú fèrèsé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí.

9. Nínú kíláàsì

Àbá tí ó wà fún olùkọ́ ni kí ó má ṣe dúró de àṣìṣe. Kí ó gbìn ín. Kí ó pín ọpọ́n ayò tí ó péye fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, kí ó pín ẹ̀dà mẹ́rin tí ó ti bàjẹ́: ọ̀kan tí ihò òdo rẹ̀ yadi, ọ̀kan tí ó jẹ́ ìbejì, ọ̀kan tí ọmọ ti gba ipò òbí, àti ọ̀kan tí àṣìṣe rẹ̀ wà nínú ere lóòótọ́. Ẹ̀dà ìkẹrin yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ti sọ fún pé olùgbọ́ kì í sábà lẹ́bi lè wá gbà pé olùgbọ́ kì í lẹ́bi rárá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tí ìkéde kú sí sínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ó fi mọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan ìlà kankan nínú ètò. Ìdajì máàkì wà fún ohun tí ó kọ náà, ìdajì yòókù sì wà fún àtúnṣe.